Aago Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Gbọ́ Lẹ́nu Géètì

Baṣọ̀run, Ìbàdàn,
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Dàmọ́lá, Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn, kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ. Lọ́jọ́ Àìkú tí o gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ tuntun wá sí ẹnu géètì wa, tí o lu aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, inú pálọ̀ ni mo wà. Ìyá rẹ sọ fún ọ pé mo ń sùn. N kò sùn. Orí àga ni mo jókòó sí, mo di ọwọ́ àga náà mú, mo ń gbọ́ bí ìwọ àti àwọn ará ilé kejì ṣe jọ ń rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ọ nígbà tí ẹ̀rín rẹ tán.

Ìyá rẹ ní o sọ fún òun kí o tó lọ pé, "Mọ́mì, ẹ bá mi bi Dádì, kí ni mo ṣe fún wọn?" Láti ọjọ́ náà ni kò ti fún mi ní ìsinmi. Lánàá, ó wá dúró síwájú mi, ó ní, "Bàbá Dàmọ́lá, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ yìí, àbí kí n sọ ọ́ fúnra mi. Ẹ má jẹ́ kó lọ báyìí." Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu fúnra mi pé èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, n kò lè to gbólóhùn mẹ́ta pọ̀ níwájú ọmọ tèmi.

Mo gbọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ tí o rí ní Òkè-Ògùn ti dájú. Mo bá ọ yọ̀, àní tọkàntọkàn. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ ni yóò kó ẹrù yín lọ ṣáájú, pé ìwọ àti Sàfúrátù ìyàwó rẹ yóò gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ ó gba ọ̀nà oko, ẹ ó sùn sí abúlé kan lójú ọ̀nà, ẹ ó sì dé lọ́jọ́ kejì. O ní ẹ kò fẹ́ gba títì márosẹ̀ nítorí àwọn ọkọ̀ ńláńlá. Òótọ́ lo sọ. O ní ọ̀nà oko dákẹ́. Òótọ́ ni ìyẹn náà. Mo mọ bó ṣe dákẹ́ tó ju bí o ṣe rò lọ.

O kò mọ̀ pé mo gun kẹ̀kẹ́ rí. Kò sí fọ́tò kan nínú ilé yìí tí yóò fi í hàn ọ́, nítorí èmi ni mo kó gbogbo wọn kúrò. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, èmi àti àbúrò mi Káyọ̀dé jọ ń gbé yàrá kan ní Agbowó. Bàbá wa ló rán wa wá láti ìlú wa lókè lọ́hùn-ún, èmi láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, òun láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe. Kẹ̀kẹ́ méjì la ní, tèmi dúdú, tirẹ̀ aláwọ̀ ewé. Tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, a ó di búrẹ́dì àti ẹ̀pà sínú ọ̀rá, a ó gba Ẹlẹ́yẹlé jáde, a ó kọjá Apete, tí kò tíì kún bó ṣe kún lónìí, a ó sì wọ ọ̀nà oko lọ. Ẹnikẹ́ni kò rán wa níṣẹ́. A kàn ń lọ ni.

Àwọn ará ilé wa ní Agbowó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ìyá onílé wa a máa ní, "Ẹ̀yin méjèèjì yìí, oko ta lẹ tún fẹ́ lọ ro?" Lóko gan-an, wọ́n rò pé wolé-wolé ni wá. Ní abúlé kan, obìnrin kan sáré lọ fi ìdérí bo ìkòkò omi rẹ̀ nígbà tó rí wa. Káyọ̀dé sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ìkòkò náà wò, ó fi ojú líle sí i, ó ní, "Ìyá, omi yín mọ́ o, a ti kọ ọ́ sílẹ̀." Nígbà tí obìnrin náà mọ̀ pé a kì í ṣe wolé-wolé, ìgbálẹ̀ ló kọ́kọ́ fi lé wa, lẹ́yìn náà ló wá fún wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀.

N kò lè parọ́ fún ọ pé kò dùn. A lè gun kẹ̀kẹ́ fún odindi wákàtí kan kí a má gbọ́ ju ìró ṣéènì wa àti ohùn ẹyẹ lọ. Òórùn kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní a máa gba afẹ́fẹ́ kan títí. Nígbà mìíràn Káyọ̀dé á máa kọ orin ìjọ wa láti ẹ̀yìn, èmi á máa gbè é níwájú, kò sí ẹni tó máa sọ pé ohùn wa kò dára. N kò láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé ibi tí mo ti láyọ̀ jù lọ láyé mi náà ni mo ti ba ayé ẹlòmíràn jẹ́.

N kò ní sọ pé kí o má lọ. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo sì ti ya bébà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ fún ọ.

Èkíní, bíréèkì. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ Káyọ̀dé ti jẹ tán. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé, nítorí èmi ni mo máa ń tún kẹ̀kẹ́ méjèèjì ṣe. Mo ní màá gba Dùgbẹ̀ kọjá ní Ọjọ́bọ̀, màá ra rọ́bà bíréèkì tuntun bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo dé Dùgbẹ̀ lóòótọ́, ni mo bá pàdé àwọn ọ̀rẹ́ mi kan, a jọ lọ wo bọ́ọ̀lù, mo gbàgbé. Láàárọ̀ Sátidé, ó tún rán mi létí. Mo ní, "Fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ tó bá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣebí ẹsẹ̀ ẹ gùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, Bọ̀ọ̀dá mi." Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí o tó yẹ tìrẹ wò. Ohun tó bá sọ fún ọ lọ́jọ́ Ajé pé kò dára, má jẹ́ kó di Sátidé. Kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́ nìkan ni mo ń sọ mọ́, o gbọ́ mi.

Ìkejì, má máa wà níwájú. Iwájú ni mo máa ń wà ní gbogbo ìgbà. Aago ọwọ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí bàbá wa fún mi, mo sì máa ń fi ka iṣẹ́jú tí a fi dé ibi kan, bí ẹni pé ẹnì kan ń dúró dè wá níbẹ̀. Káyọ̀dé kì í yára. Tó bá rẹ̀ ẹ́, kì í sọ, á kàn máa jìnnà sí mi díẹ̀díẹ̀, èmi á sì rò pé ó ń wo igbó. Jẹ́ kí Sàfúrátù wà níwájú. Bó ṣe lè lọ mọ ni kí ẹ̀yin méjèèjì máa lọ. Ọ̀nà kan kò sí tí o fi lè mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ, àfi tó bá ké, àwọn kan kì í sì í ké.

Ẹ mú omi tó pọ̀ dání. Tí ará oko kan bá sọ fún yín pé ibi tí ẹ ń lọ kò jìnnà mọ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó, ẹ jẹun, nítorí òun kò fi ojú kẹ̀kẹ́ wò ó. Tí ẹ bá rí láfún tí wọ́n sá sójú ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, oúnjẹ odindi ilé kan nìyẹn. Túùbù méjì-méjì ni kí ẹ mú, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ má sáré lórí yanrìn. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún Sàfúrátù pé kó mú ìbòrí tó fúyẹ́ dání nítorí oòrùn, mo sì ti sọ ọ́.

Ìkẹta ni mo ń sá fún láti àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde lọ mu omi tí òùngbẹ kò gbẹ mí.

Bàbá wa kọ́ wa láti kékeré pé tí a bá wà lórí kẹ̀kẹ́, tí a rí àgbà tó jókòó lẹ́bàá ọ̀nà, kí a sọ̀ kalẹ̀, kí a kí i, kí a ti kẹ̀kẹ́ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ kí a tó tún gùn ún. Ní ìlú wa, ọmọ tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ rẹ̀ á ti délé ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, mo pa á tì. Mo ní tí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ kí gbogbo àgbà, kò ní dé ibi kankan. Káyọ̀dé kò pa á tì ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́, ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi.

Lọ́sàn-án Sátidé tí mo ń sọ yìí, ojú ọ̀run ti ṣú. A ti yà kúrò ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ, a ń padà bọ̀. Lábẹ́ igi kajú kan lẹ́bàá ọ̀nà, bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí. Ọ̀nà náà yà díẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wá lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síbi odò kan. Nígbà tí bàbá náà rí wa, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná."

Mo rò pé ìkíni ló ń wá. Mo rò pé ó fẹ́ bi wá léèrè ọmọ ta ni wá, ìlú wo la ti wá, kí ló gbé wa dé ibẹ̀, gbogbo ohun tí àgbà oko máa ń béèrè. Mo lu aago kẹ̀kẹ́ mi, mo ké láti orí rẹ̀ pé, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá!" mo sì kọjá. Káyọ̀dé ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ ilẹ̀. Mo yíjú padà, mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, "Káyọ̀dé! Gun kẹ̀kẹ́ ẹ jàre! Òjò ń bọ̀. Àbí gbogbo arúgbó ayé lo fẹ́ kí tán?" Ó wo bàbá náà, ó wò mí, ó sì tún gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo jẹ́, ó ní láti gbọ́ tèmi.

Bàbá náà kò fẹ́ bi wá léèrè ọmọ ta ni wá. Òjò ti wó afárá igi tó wà lórí odò náà, àwọn ará abúlé sì ti ní kí ó máa jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó máa sọ fún ẹni tó bá ń kọjá, títí wọn yóò fi rí igi tuntun gé. Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ kí i lọ́jọ́ náà ló gbọ́.

Bíréèkì tèmi dára. Nígbà tí mo yà, tí mo rí i pé kò sí afárá níwájú, mo tẹ̀ ẹ́, kẹ̀kẹ́ yọ̀, èmi àti rẹ̀ jọ ṣubú sínú ẹrẹ̀ nítòsí etí odò. Àkànní, gbọ́ ohun tí mo ṣe, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún ìyá rẹ pàápàá. Ó yẹ kí n kígbe. Àyè wà, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà. N kò kígbe. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi dìde, mo ń wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń wò nígbà tí Káyọ̀dé gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀ bí mo ṣe ní kó ṣe.

Orí òkúta inú odò ló fi ẹ̀yìn balẹ̀ sí. Bàbá arúgbó náà ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti sáré bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Kò bú mi. Ohun kan náà ló ń sọ ṣáá, "Mo ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ṣebí mo ní kí ẹ sọ̀ kalẹ̀." Àwọn ọkùnrin abúlé náà gbé Káyọ̀dé sórí ilẹ̀kùn kan títí dé ibi tí ọkọ̀ lè dé. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò ní lè dìde dúró mọ́, kò sì dìde dúró mọ́.

Àǹkù Káyọ̀dé tí o mọ̀ nìyẹn, tó gbé yàrá ọ̀tún nínú ilé yìí, tó máa ń fi bébà ṣe ọkọ̀ òfuurufú fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́ nígbà tó kú, a sì sọ fún ọ pé àìsàn ló dá a dùbúlẹ̀ fún gbogbo ogún ọdún yẹn. Àìsàn kọ́. Èmi ni.

Kí wọ́n tó gbé kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé náà jù nù, ó ní kí n tú aago rẹ̀ fún òun. Mo so ó mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Tó bá fẹ́ mu omi, tó bá fẹ́ kí a yí òun padà, á lù ú. Á lù ú lẹ́ẹ̀kan, á dúró. Á tún lù ú, á tún dúró. Kì í lù ú kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo jókòó sórí àga tí mo jókòó sí yìí, tí mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé, tí mo gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí n kò dìde. Ìyá rẹ ló máa ń lọ. Kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀ ló sú mi. N kò lè máa wo ojú tí kò fi ẹ̀sùn kankan kàn mí rí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló mẹ́nu ba odò náà. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, bàbá yẹn, ṣé ẹ ti padà lọ kí wọn?" Mo ní mo ti lọ. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ti máa ronú." Irọ́ ni mo pa. N kò lọ títí dòní, bàbá náà yóò sì ti kú tipẹ́tipẹ́, pẹ̀lú èrò pé bóyá òun ni kò pariwo tó. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti kọjá kí òun tó sọ tán, èrò tí a fi sílẹ̀ fún un nìyẹn.

Ìdí nìyí tí n kò fi jáde lọ́jọ́ Àìkú. Aago rẹ dún lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tún jókòó. O kò ṣe ohunkóhun fún mi, ọmọ mi. Jọ̀wọ́, sọ ọ́ fún ara rẹ títí tí yóò fi dá ọ lójú.

Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní bò ó. Mo ti gbàdúrà, ẹ̀rù náà kò lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní ki ẹ̀rù tèmi bọ inú àpò rẹ kí o máa gbé e kiri Òkè-Ògùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ fún: tí ẹ bá rí àgbà lójú ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kí i dáadáa, ẹ jẹ́ kó béèrè gbogbo ohun tó bá fẹ́ béèrè, ẹ dúró kó sọ̀rọ̀ tán. Tí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi dé dípò méjì nítorí ẹ̀, inú mi á dùn.

Ìyá rẹ yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ ní Agbowó láàárọ̀ ọ̀la, tó bá ń lọ sí ọjà Bódìjà. Wá sílé ní Sátidé, ìwọ àti Sàfúrátù, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ méjèèjì wá. Màá tú bíréèkì wọn wò fúnra mi, ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé iṣẹ́ náà. Aago Káyọ̀dé wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mo ti fi òróró sí i, ó ṣì ń dún. Kẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ ni mo fẹ́ so ó mọ́. Tó bá lù ú lójú ọ̀nà, dúró, bó ti wù kí ibi tí ẹ ń lọ súnmọ́ tó.

Tí ẹ bá dé ẹnu géètì, lu tìrẹ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Ìta ni màá wà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí kò sùn lọ́jọ́ Àìkú.